Láti Rumuodara dé Nuneham: Ilé Tí Orúkọ Port Harcourt Ti Ṣẹ̀ Wá

Orúkọ ìdílé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú Port Harcourt ń jẹ́, ilé tí ìdílé náà sì kọ́ fún ara rẹ̀ ní 1756 ṣì dúró digbí lórí òkè kan létí odò Thames, ní Nuneham Courtenay, abúlé kan tí kò jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 8 lọ sí ìlú Oxford. Orúkọ yìí wà lára pátákó àwọn ilé ìtajà ní Rumuodara, ó wà nínú àdírẹ́sì gbogbo ìwé tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sí àwọn olùgbé ibẹ̀, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ èrò tó ń ti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tó mọ̀ pé ilé kan wà nídìí orúkọ náà, áńbọ̀sìbọ́sí pé kí ó mọ̀ pé ilé ọ̀hún wà lára àwọn tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò. Ìdí nìyí tí ìrìnàjò láti Rumuodara lọ sí Nuneham fi yẹ ní ṣíṣe, tó sì yẹ ní kíkọ sílẹ̀, nítorí pé bí a bá fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ya ilé náà, àti ohun tí wọ́n ṣe sí ilẹ̀ tó yí i ká, a óò rí ojú tí àwọn tó kọ́ ọ fi ń wo ilẹ̀ àti àwọn èèyàn tó ń gbé orí rẹ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Láti Rumuodara, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, ọ̀nà East-West ni arìnrìn-àjò yóò gbà dé Rumuokoro, kí ó tó yà sí ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Omagwa, níbi tí yóò ti wọ bàálù lọ sí Èkó, kí ó sì ti Èkó wọ èyí tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibùdókọ̀ ojú irin Paddington ni reluwé Oxford ti ń gbéra, láti Oxford sì ni bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìhà Wallingford àti Reading yóò ti gbé e dé Nuneham. Ohun tí ojú yóò kọ́kọ́ rí níbẹ̀ kì í ṣe ilé ńlá náà rárá. Àwọn ilé kéékèèké oníbíríkì ni wọ́n tò sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà mọ́tò, tí méjì-méjì wọn fara ti ara wọn, tí gbogbo wọn ga bákan náà, tí fèrèsé kékeré sì yọ jáde láti inú òrùlé wọn. Ọmọ Nàìjíríà tó bá rí wọn lè rò pé ìjọba ló kọ́ wọn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí àwọn kọ́tàsì reluwé ìgbà àtijọ́, èrò yẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òtítọ́, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n kọ́ gbogbo wọn ní àwọn ọdún 1760, ìdí tó sì fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ilé ńlá tirẹ̀ ń fẹ́ àyè.

Ọnà ilé kíkọ́ tí wọ́n ń pè ní Georgian ni èyí tó gbòde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1714 sí 1830, nígbà tí ọba mẹ́rin tí gbogbo wọn ń jẹ́ George jọba tẹ̀lé ara wọn. Ilé ìgbèríko ní ìgbà náà kì í ṣe ilé oko lásán: òun ni ibùjókòó ìdílé ọlọ́lá tó ní ilẹ̀ lọ salalu, tí àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà ń san owó ilẹ̀ fún lọ́dọọdún, tí baálé rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ lọ jókòó láàárín àwọn aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí àwọn ayàwòrán-ilé Gẹ̀ẹ́sì ń wò kọ́ iṣẹ́ jù lọ nígbà náà ni Andrea Palladio, ará Ítálì tó gbé ayé láti 1508 sí 1580, tó kọ́ ilé sórí oko àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú Venice àti agbègbè rẹ̀, tó sì tẹ ìwé kan tó ní apá mẹ́rin lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ jáde ní 1570. Ìlànà Palladio kò fi àyè sílẹ̀ fún jágbajàgba: apá ọ̀tún ilé gbọ́dọ̀ bá apá òsì dọ́gba, àárín gbùngbùn ni ẹnu-ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà, gígùn yàrá gbọ́dọ̀ ní ìṣirò pẹ̀lú ìbú àti gíga rẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ni àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n fi ń gbàlejò sì máa ń wà, nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ àti ẹrù ilé ń gbé ìsàlẹ̀.

Simon Harcourt, tí í ṣe Earl Harcourt àkọ́kọ́, ló gbé iṣẹ́ ilé Nuneham fún ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Stiff Leadbetter. Earl jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oyè ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àrólé ń jẹ, Harcourt yìí sì súnmọ́ ààfin gan-an, nítorí pé ó ti ṣe alágbàtọ́ ọmọ ọba tó wá di George kẹta, òun náà sì ni wọ́n rán lọ sí Jámánì ní 1761 láti lọ mú Charlotte wá fún ọba náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Abúlé Stanton Harcourt, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Oxford, ni ìdílé rẹ̀ ti ń gbé láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ kò wu ẹni tó ti mọ ojú ààfin mọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní òkè tí èèyàn lè dúró lé lórí láti wo ọ̀nà jíjìn. Wọ́n wó apá tó pọ̀ jù nínú ilé Stanton Harcourt, wọ́n kó òkúta rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, odò Thames sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ Oxford kọjá dé ẹsẹ̀ òkè Nuneham, tó fi jẹ́ pé ara ilé àwọn baba ni ilé tuntun ti jáde.

Ilé náà fúnra rẹ̀ kò ṣe àṣehàn púpọ̀. Àárín rẹ̀ ni ilé tó ga jù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjì tó tẹ̀ kọrọdọ sì na jáde láti ọ̀tún àti òsì rẹ̀ lọ so mọ́ ilé kéékèèké méjì tó dúró bí ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ìgbà náà ń sọ, kí ó kọ́kọ́ wo ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n gé ojú ìpàdé òkúta kọ̀ọ̀kan jìn, kí òjìji lè bọ́ sínú rẹ̀, kí ìpìlẹ̀ sì rí bí ohun tó lágbára láti gbé ẹrù. Ní òkè, wọ́n fá òkúta dán, ojú ìpàdé wọn kò sì hàn tán. Fèrèsé náà ní ìtàn tirẹ̀. Èyí tó wà ní àjà tí wọ́n ti ń gbàlejò ló gùn jù, èyí tó wà lókè téńté kéré, nítorí pé yàrá oorun àwọn ọmọ àti àwọn tí kò lẹ́nu nínú ilé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Láìwọlé rárá, ènìyàn ti lè mọ ibi tí ọlá ilé náà wà. Irú fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n ń tì sókè-sódò nínú férémù igi, tí okùn àti òṣùwọ̀n inú ògiri ń bá gbé, ni àwọn ilé ìgbà yẹn máa ń lò, nígbà tó sì jẹ́ pé láti 1696 títí di 1851 ni ìjọba ń gba owó orí lórí fèrèsé, fífi gíláàsì sí ara ògiri jákèjádò jẹ́ ọ̀nà láti fi han aráyé pé ọwọ́ tó ẹnu.

Ojú tó kọ sí odò ni ilé náà fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni gbọ̀ngàn kan wà tó ní igun mẹ́jọ, tí apá kan rẹ̀ ta jáde kúrò lára ògiri, tí ẹni tó bá dúró nínú rẹ̀ sì lè wo ọ̀tún, wo òsì, wo iwájú láìkúrò lójú kan: koríko tútù tó ń fà sọ̀kalẹ̀, igi tí wọ́n gbìn ní ìdì-ìdì, odò Thames tó ń tẹ̀ lọ, àti àwọn ilé ìjọsìn Oxford ní òkèèrè nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ wà láàárín ilé yìí àti ilé tí Yorùbá mọ̀ sí ilé ńlá. Agbo ilé Yorùbá kọ ẹ̀yìn sí ìta, ó sì kọjú sí àgbàlá, níbi tí omi òjò ń dà sí, tí àwọn obìnrin ti ń dáná, tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá gbogbo sì ṣí sí. Ààfin ọba pẹ̀lú gbogbo àgbàlá rẹ̀ tẹ̀lé ètò kan náà, bó ti wù kí kọ̀bì iwájú rẹ̀ ga tó. Iye ènìyàn tó wà nínú agbo ilé ni ọlá rẹ̀. Ilé Nuneham ṣe òdìkejì rẹ̀: ó kọ ojú sí ìta, ohun tí ojú lè rí láti inú rẹ̀ ni ọlá rẹ̀, ohun tó sì dùn mọ́ ojú náà jù ni pé kí ó má rí ènìyàn kankan.

Abúlé kan sì wà nítòsí ilé tuntun náà. Àwọn ará Nuneham àtijọ́ ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n ní ilé wọn, ọ̀nà wọn, ọgbà wọn àti ìjọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wà lójú ibi tí Earl fẹ́ kí ó jẹ́ pápá ọgbà. Ní àwọn ọdún 1760, wọ́n wó ilé wọn, wọ́n sì kó wọn lọ sí etí ọ̀nà márosẹ̀, sínú àwọn ilé oníbíríkì méjì-méjì tí àlejò ń kọ́kọ́ rí lónìí. Òtítọ́ ni pé àwọn ilé tuntun náà gbẹ, wọ́n sì lágbára ju ti àtijọ́ lọ, àwọn kan sì yin Earl nígbà náà pé aláàánú ni; William Whitehead, akéwì ọba, tí í ṣe ọ̀rẹ́ ìdílé náà, kọ ewì lórí kíkó abúlé náà kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Oliver Goldsmith tẹ ewì rẹ̀ tó gbajúmọ̀ lórí abúlé tí wọ́n sọ dahoro jáde ní 1770, tó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń fi ilé tálákà ṣe ọgbà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé Nuneham ló ní lọ́kàn. Barbara Wyatt, ìyá àgbàlagbà kan, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kú sí ilé òun, Earl sì gbà fún un, ó ń gbé ibẹ̀ lóun nìkan láàárín pápá tí wọ́n ti tẹ́ koríko sí. Igi kan tó wà nítòsí ilé rẹ̀ ni wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pè.

Ọmọ Yorùbá tó bá rántí Maroko, tí ìjọba ológun Èkó wó ní oṣù Keje 1990, àti ẹni tó bá ti Port Harcourt wá, tó rí i bí wọ́n ṣe wó àdúgbò Njemanze létí omi ní 2009, kò ní nílò olùkọ́ láti ṣàlàyé ìtàn yìí fún un. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí ó mú wa ronú ni pé Earl kọ́ ilé tuntun kí ó tó wó ti àtijọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ lára àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Maroko àti Njemanze kò rí ilé kankan gbà.

Ilé ìjọsìn ni ó sọ èrò Earl jáde jù lọ. Ó wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí àwọn ará abúlé ń lò, ní 1764 ó sì kọ́ òmíràn sórí òkè náà pẹ̀lú ìmọ̀ràn James Stuart, ẹni tó ti lọ wọn àwọn ilé ìsìn ìgbàanì ní Athens, tó sì ti tẹ apá àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀ lórí wọn jáde ní 1762. Láti inú pápá ọgbà, ohun tí ènìyàn rí ni tẹ́ńpìlì àwọn ará Gíríìkì: òrùlé rìbìtì láàárín, àti ìloro ńlá kan tó ní àwọn òpó tí orí wọn ká kóńkóló lọ́tùn-ún lósì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ionic. Nígbà tí arìnrìn-àjò bá gun ìloro náà tó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé ni yóò tó mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, pé kì í ṣe ọ̀nà ibẹ̀ ni ìjọ ń gbà, ẹ̀gbẹ́ mìíràn tí kò hàn láti inú ọgbà ni wọ́n fi ẹnu-ọ̀nà tòótọ́ sí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà tutù, ó sì ṣófo, ohùn ènìyàn ń dún padà lábẹ́ òrùlé rìbìtì náà. Ìgbà tí abúlé sì ti kúrò nítòsí, àwọn ará ibẹ̀ ní láti máa rin ọ̀nà gígùn wá jọ́sìn nínú òtútù àti òjò, títí ó fi di ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn fún wọn ní etí ọ̀nà. Ẹwà ilé yìí kò ṣeé sẹ́, ẹni tó yà á mọ iṣẹ́. Síbẹ̀ ilé Ọlọ́run tí wọ́n yà nítorí ojú ẹni tó ń ṣe fàájì lórí pápá, tí ìrọ̀rùn àwọn olùjọ́sìn sì gbẹ̀yìn, ní àbùkù tí òpó Ionic kò lè bò.

Ní 1777, Earl yìí ṣubú sínú kànga kan nínú ọgbà rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ yọ ajá rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ pe Lancelot Brown, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ọgbà ìgbà náà, tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Capability, láti tún ilẹ̀ náà tò, kí ó sì fi kún ilé. Akéwì William Mason ló ṣètò ọgbà òdòdó. Ní 1787, wọ́n gbé Carfax Conduit, ilé omi olókùúta ti ọ̀rúndún 17 tó ń dí ọ̀nà ní àárín ìlú Oxford, wá sí orí òkè Nuneham, níbi tó wà títí dòní. Ayàwòrán-ilé Robert Smirke tún fi yàrá kún ilé náà ní ọ̀rúndún 19, ní àsìkò tí Harcourt tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti York jogún rẹ̀, ìyẹn ẹni tó gbin àwọn igi ilẹ̀ òkèèrè tó di ọgbà igi Harcourt Arboretum.

Lewis Harcourt, tí ìlú wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, di ẹni tó ni ilé yìí lẹ́yìn ikú baba rẹ̀ ní 1904, owó ìyàwó rẹ̀ Mary Burns, tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò J. P. Morgan olówó báńkì ará Amẹ́ríkà, sì wà lára ohun tó fi tún un ṣe. Láti 1905 sí 1910, òun ni mínísítà tí ilé ìjọba, ọgbà ọba àti àwọn ilé àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Láti 1910 sí 1915, ó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lókè òkun, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe da Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní 1914. Ní 1913, Lugard, tó jẹ́ gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà nígbà náà, kọ̀wé sí i pé kí ó yọ̀ọ̀da orúkọ rẹ̀ fún èbúté tuntun tí wọ́n fẹ́ máa gbé èédú Enugu gbà jáde, lórí ilẹ̀ tí àwọn Ikwerre ń pè ní Igwe Ocha. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba fi ìwé àdéhùn gba ilẹ̀ èbúté náà lọ́wọ́ àwọn ará Diobu àti Okrika, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọ̀hún sì di ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún yẹn kan náà, ẹ̀wẹ̀, ni àwọn aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí òfin tó fún ìjọba lágbára láti dá ẹni tó bá fẹ́ ba ohun ìrántí àtijọ́ jẹ́ dúró. Ìwé méjèèjì yẹ ní kíkà papọ̀: èyí tó gba ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn kan níhìn-ín, àti èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òkúta àtijọ́ lọ́hùn-ún.

Òfin 1913 kò tíì dé orí ilé tí ènìyàn ń gbé. Lẹ́yìn òfin 1944 àti 1947 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, tó pín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta lónìí: Grade I, Grade II* àti Grade II. Ilé Nuneham wà ní Grade II*, ọ̀wọ́ kejì, tí kò ju nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ilé tó wà nínú ìwé náà lọ. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ni ilé ni pé kò gbọ́dọ̀ yọ fèrèsé, wó ògiri tàbí pààrọ̀ òrùlé láìgba àṣẹ, bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ lè tìtorí rẹ̀ rán an lẹ́wọ̀n ni. Òfin kò ní kí ilé náà ṣófo. Àwọn ọmọ ogun òfurufú lo ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti máa yẹ àwòrán tí bàálù yà wò, Yunifásítì Oxford gbà á lẹ́yìn ogun, láti 1993 sì ni ẹgbẹ́ Brahma Kumaris, ẹgbẹ́ ẹlẹ́mìí tó ti Íńdíà wá, ti ń lò ó fún àṣàrò àti ìsinmi ọkàn. Onílé ń yí padà, ògiri kò yí.

Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, èyí tí òfin 1979 dá sílẹ̀, ló ni àṣẹ, ilé Ilojo Bar ní Tinubu Square, Èkó, tí àwọn Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855, sì ti wà lábẹ́ ààbò láti 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ìbànújẹ́ ni, kò sì yẹ kí Port Harcourt dúró de irú rẹ̀. Àwọn ilé bọ́ńgálò olọ́dẹ̀dẹ̀ gbígbòòrò tó wà ní Old GRA, ibùdókọ̀ reluwé àti àwọn ilé àtijọ́ tó kù ní ìlú yẹ kí ìjọba Rivers, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé àti àwọn yunifásítì ibẹ̀ wọ̀n, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì kọ wọ́n sínú ìwé nísinsìnyí tí ògiri wọn ṣì dúró. Kí wọ́n sì kọ ìtàn àwọn tí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ náà mọ́ ọn, nítorí pé Nuneham ti fi hàn pé a lè dáàbò bo ilé kan láìgbàgbé Barbara Wyatt.

Ẹni tó bá ti Rivers dé Oxford, tó sì ráyè, kí ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ọgbà igi wà ní ṣíṣí fún gbogbo ènìyàn, Churches Conservation Trust ló ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti ilé ńlá náà, kí ó kọ̀wé ṣáájú kí ó tó lọ, nítorí pé àwọn tó ń ṣe àṣàrò wà nínú rẹ̀, ẹnu-ọ̀nà kì í sì í ṣí sílẹ̀ lójoojúmọ́.